Kì í ṣe gbogbo nǹkan ni ọ́tísìm

Gbólóhùn kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí, lẹ́nu tíṣà, kódà lẹ́nu àwọn dọ́kítà míì, wọ́n á ní "ọ́tísìm ẹ̀ náà ni", ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ọmọ ò sùn mọ́, ọ́tísìm ni. Ó ń forí gbá ògiri, ọ́tísìm ni. Ọ̀dọ́ tí kì í fi géèmù ẹ̀ sílẹ̀ ò fọwọ́ kàn án mọ́, wọ́n tún ní ọ́tísìm ni. Ẹ jọ̀ọ́, ọ́tísìm kì í ṣàdédé yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí ọpọlọ onítọ̀hún ṣe ń ṣiṣẹ́ láti kékeré ni. Tí ìwà ẹ̀ bá yí padà lójijì, nǹkan míì ló ń ṣe é, àwa ló sì yẹ ká wá a rí.

Ẹ jẹ́ n yára sọ ohun tó jẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣírò pé ní 2021 nǹkan bí ẹnì kan nínú èèyàn 127 ló ní in. Ó máa ń hàn nínú bí èèyàn ṣe ń bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀, nínú nǹkan tó máa ń ṣe léraléra, àti nínú bí ariwo, ìmọ́lẹ̀, aṣọ tàbí òórùn ṣe ń rí lára ẹ̀. Kì í ṣe èpè, ìyá kọ́ ló fà á, abẹ́rẹ́ àjẹsára náà kọ́. Ìwé tó dá ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ yẹn sílẹ̀ ní 1998, ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet tó gbé e jáde náà ló fagi lé e ní 2010.

Ọ̀rọ̀ ọkàn ló jẹ mí lógún jù. Nínú ọmọdé àti ọ̀dọ́ mẹ́wàá tó ní ọ́tísìm, bíi mẹ́rin ni àníyàn wọn ti kọjá bó ṣe yẹ, tó ti di àìsàn tó gba ìtọ́jú. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn náà pọ̀ láàárín wọn ju àwọn yòókù lọ. Ẹni tí agogo sùkúù ń dùn gbọnmọ-gbọnmọ lórí ẹ̀, tí wọ́n yí ètò òní padà láìsọ fún un, tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, tó wá ní láti máa ṣe bíi pé kò sí nǹkankan látàárọ̀ dalẹ́, ó máa rẹ̀ ẹ́ tẹ̀mí tara. Àwọn ọmọbìnrin máa ń pa á mọ́ra gan-an, tíṣà á ní ọmọ jẹ́jẹ́ ni, bó bá délé á bú sẹ́kún, á máa ju nǹkan kiri, òbí á wá rò pé àwọn ni ò mọ ọmọ tọ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá, ilé ni ọkàn ẹ̀ ti balẹ̀ tó láti tú u jáde.

Ara la máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò o. Ọmọ kan tí kì í sọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ara ẹ̀ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, apá ọ̀tún nìkan, wọ́n sì ti ń fún un lóògùn tó ń mú un sùn. Ìyá ẹ̀ ló ṣàkíyèsí pé omi tútù ló máa ń jẹ́ kó burú, àti pé apá òsì nìkan ló fi ń jẹun. Dọ́kítà eyín lanu ẹ̀ wò, eyín ti jẹrà dé ìdí. Wọ́n yọ ọ́, kò gbá ara ẹ̀ mọ́. Etí dídùn ńkọ́, ìgbẹ́ tó há, warapa, gbogbo ẹ̀ ló lè jọ "ìwà".

Tí ara bá dá ṣáká, ẹ wo ọkàn. Ẹ má kàn bi í pé "ṣé inú ẹ ò dùn ni", ọ̀pọ̀ wọn ò lè dárúkọ ohun tó ń ṣe wọ́n, ojú wọn sì lè má fi hàn. Ẹ béèrè ohun tó ṣe gúnmọ́: aago mélòó lo sùn, kí lo jẹ, ṣé o ṣì ń ya ọkọ̀ ojú irin ẹ? Ẹni tó pa nǹkan tó fẹ́ràn jù tì, mo máa ń fura sí ìrẹ̀wẹ̀sì. Tẹ́ ẹ bá ń bẹ̀rù pé ó fẹ́ pa ara ẹ̀, ẹ bi í gbangba. Bíbéèrè ò ní ki èrò yẹn sí i lórí, ewu ẹ̀ sì ga láàárín wọn, pàápàá àwọn tó ń sọ̀rọ̀ dáadáa tí gbogbo èèyàn rò pé wọn ò nílò ìrànlọ́wọ́. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ní ti ìrànlọ́wọ́, ẹ má jókòó ti ìwé àyẹ̀wò, ó lè gba ọdún kan kó tó jáde. Ẹ ti lè lọ yẹ etí ọmọ wò bóyá ó ń gbọ́ràn, kẹ́ ẹ wá tẹ́rápísìtì ọ̀rọ̀ sísọ, ìyẹn ẹni tó ń ran ọmọ lọ́wọ́ láti sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ máa fi àwòrán ṣàlàyé ètò ọjọ́ fún un (àwòrán ò ní kó má sọ̀rọ̀ o). WHO ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún òbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi fóònù ká fídíò ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé, torí ọmọ lè jókòó jẹ́jẹ́ níwájú dọ́kítà. Ohun tó máa ń bí mi nínú ni pé ilé ìtọ́jú ọkàn á ní ọ́tísìm kọ́ niṣẹ́ àwọn, àwọn tó ń ṣe ọ́tísìm á ní ọkàn kọ́ niṣẹ́ àwọn, wọ́n á máa ti èèyàn síwá sẹ́yìn. Ẹ sọ fún wọn pé àníyàn lẹ wá tọ́jú, ọ́tísìm kàn máa sọ bí wọ́n ṣe máa ṣe é ni: kí wọ́n rọra máa sọ̀rọ̀, kí wọ́n máa kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n dín iná kù. Tẹ́rápì tí wọ́n ń pè ní CBT, ìyẹn ìtọ́jú tó ń kọ́ èèyàn láti yí èrò àti ìṣe tó ń dà á láàmú padà, ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ tí wọ́n bá tún un ṣe báyẹn.

Ẹ bi tẹ́rápísìtì pé kí ló máa ń ṣe tí ọmọ bá ní òun ò ṣe. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ má wo ohun tóun ń ṣe, ẹ gbé ọmọ yín kúrò ńbẹ̀. Kò sí oògùn tó ń wo ọ́tísìm. Oògùn risperidone àti aripiprazole tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fáwọn ọmọ tó ní ọ́tísìm ní 2006 àti 2009, inú fùfù àti ìbínú líle ni wọ́n wà fún, wọ́n sì lè jẹ́ kí èèyàn sanra gan-an, torí náà ẹ béèrè ìdí tí wọ́n fi kọ ọ́ àti ìgbà tí wọ́n máa tún un yẹ̀ wò. Àwọn tó ń ta ohun mímu tí kẹ́míkà ìfọṣọ (blíìṣì) wà nínú ẹ̀ fún "ìwòsàn" ọ́tísìm, ẹ sá fún wọn, ó lè pa ọmọ.

Tí ọmọ bá ti ń sún mọ́ ọdún 18, ẹ tètè béèrè ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ dọ́kítà ọmọdé, torí ní ọ̀pọ̀ ibi ńṣe ni gbogbo ètò ìtọ́jú ọmọdé máa ń dópin nígbà náà. Ẹ jọ kọ ojú ìwé kan ṣoṣo tó máa mú lọ́wọ́ lọ: bó ṣe ń sọ pé nǹkan ń dun òun, ariwo tí kò lè gbà, oògùn tó ń lò, bó ṣe máa ń rí nígbà tára ẹ̀ bá yá. Ẹ jẹ́ kóun náà ka ohun tẹ́ ẹ kọ, kó sì pa èyí tí kò bá fẹ́ rẹ́.