Ilà Ni, Kì í Ṣe Àmì Ìdánimọ̀

Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa lógò, àwòrán tí ilé iṣẹ́ fi ń sàmì sí ara rẹ̀, lédè Yorùbá, “àmì ìdánimọ̀” ni wọ́n ń sá tọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti gbó. Káàdì tí ọlọ́pàá ń bèèrè lójú pópó, àmì ìdánimọ̀ ni wọ́n pè é. Báàjì tí akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH, yunifásítì Ògbómọ̀ṣọ́, fi kọ́rùn, àmì ìdánimọ̀ ni. Ìka tí a tẹ̀ sórí ẹ̀rọ ní báǹkì, òun náà ni. Bí súpámákẹ́ẹ̀tì tó ní ẹ̀ka mẹ́rin bá wá ní òun fẹ́ “tún àmì ìdánimọ̀ òun ṣe”, ta ni yóò mọ ohun tó ń wí?

Àwọn tó ń pè é ní “àmì ìṣòwò” tún ṣì í jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ òfin nìyẹn: ohun tí a lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Àbújá, tó ń lo ọdún 7 lákọ̀ọ́kọ́, tí a ó wá máa sọ dọ̀tun ní ọdún 14-14. Orúkọ lásán lè jẹ́ àmì ìṣòwò láìní àwòrán kankan. Ní ti “lógò” fúnra rẹ̀, ẹ wo bí àwọn èèyàn ṣe ń kọ̀wé láìfi àmì ohùn sí i: “ile itaja won logo”. Ṣé lógò ni wọ́n ní, àbí ògo ni wọ́n ní?

Ilà ni ọ̀rọ̀ náà. Ilà ilé ìtajà. Ó ti bímọ kí a tó dé ibẹ̀: ẹni tó ń ṣe é ni olóòlà, iṣẹ́ rẹ̀ ni kíkọ ilà, títún un ṣe ni àtúnkọ ilà. Wọ́n á ní ilà tí a ń fà sínú ìwé ńkọ́? Ọ̀rọ̀-ìṣe ti yà wọ́n sọ́tọ̀. A máa ń fa ilà sínú ìwé, a sì máa ń kọ ilà sójú; kò sí Ọ̀yọ́ kan tí í ṣi méjèèjì gbé. Wọ́n á tún ní ayé ilà ti lọ, pé Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ọdún 2003 ti ka kíkọ ilà sí ọmọ lára léèwọ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Awọ ọmọ ni òfin ń dáàbò bò, kò gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wa.

Ẹ wo alábàjà tó ń bọ̀ lókèèrè ní ọjà Akẹ̀sán l'Ọ́yọ̀ọ́. Kó tó lanu kí yín, ẹ ti mọ ilé tó ti wá. Ẹ ò ka ilà rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe nà gbọọrọ sí ìbú ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí kò dúró ṣánṣán bíi pélé, lojú yín gbé. Ilà náà kò sì sọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Ahunṣọ àti àgbẹ̀ tó jọ ti agbo ilé kan wá, ilà kan náà ni wọ́n kọ. Ilé ni ilà ń sọ, kì í sọ ọjà. Ìdí nìyẹn tí kò fi di dandan kí súpámákẹ́ẹ̀tì ya apẹ̀rẹ̀ àti tòmátì sórí pátákó. Carrefour, súpámákẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Faransé tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí oríta, ti ń lo ọfà méjì tó kẹ̀yìn síra láti 1966, tí lẹ́tà C fara pamọ́ sínú funfun àárín wọn.

Àtúnkọ wá ni kí a yí díẹ̀ padà kí ojú tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ṣì mọ̀ ọ́n. Ní January 2025, Walmart, súpámákẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, mú lẹ́tà rẹ̀ nípọn sí i, ó fi ìtànṣán mẹ́fà rẹ̀ àti búlúù òun yẹ́lò sílẹ̀. Súpámákẹ́ẹ̀tì Co-op ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ padà sí ilà ọdún 1968 rẹ̀ ní 2016. Kí olóòlà tó mú abẹ, kó fún ogún oníbàárà ní bébà àti bírò, kí wọ́n ya ilà náà láti orí láìwo pátákó. Ohun tí púpọ̀ wọn bá yà, kó má fọwọ́ kàn án. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò rántí ni kó gé.

Ibi tí ilà ti ń bàjẹ́ jù ni rìsíìtì. Bébà tó fẹ̀ ní mílímítà 58, mílímítà 48 péré ni ẹ̀rọ ń tẹ̀ nínú rẹ̀, àmì tíntìntín 384 sì ni gbogbo ohun tó lè tò sí ìbú yẹn. Dúdú nìkan ló mọ̀. Àwọ̀ ewé tó ń ṣí díẹ̀díẹ̀ di yẹ́lò, tó ń dán lójú kọ̀ǹpútà, á di èérí níbẹ̀. Nítorí náà dúdú lórí funfun ni kí olóòlà kọ́kọ́ kọ. Lórí ọ̀rá tí a fi ń di ọjà, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní pílétì tí a fi ń tẹ̀ ẹ́ tirẹ̀, ọ̀rá sì máa ń fà bó ṣe ń kọjá nínú ẹ̀rọ. Bí pupa àti ewé bá kan fara kanra, funfun á yọ láàárín wọn. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan wọ abẹ́ èkejì díẹ̀, tàbí kí ẹ là wọ́n gbangba.

Ohun tó ń dunni jù ni àwọn orúkọ Yorùbá. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì kò ní ọ́ tàbí ẹ̀ lódindi, àmì ohùn á sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, àmì abẹ́ á lẹ̀ mọ́ lẹ́tà. Ẹni tó bá rí bẹ́ẹ̀ a yọ wọ́n kúrò, orúkọ ilé ìtajà á di orúkọ ẹlòmíì. Ẹ fọwọ́ ya àmì abẹ́ náà: kó nípọn tó igi lẹ́tà, kí àlàfo tó ìdajì ìnípọn yẹn wà láàárín wọn, kí ẹ tó sọ gbogbo rẹ̀ di àwòrán tí kò nílò fọ́ǹtì mọ́ nínú CorelDRAW, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń yàwòrán. Fáìlì yẹn tàbí PDF ni kí onípátákó gbà. Àwòrán WhatsApp ti fún pọ̀. Bó bá di mítà mẹ́ta, etí lẹ́tà á yọ eyín. Ní ti gíga, ìǹṣì kan fún ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá: ẹni tó fẹ́ kí awakọ̀ kà á láti ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà, kó ṣe lẹ́tà onínṣì mẹ́wàá. Kó sì rántí pé pupa ń ṣá lóòrùn kíákíá ju dúdú àti búlúù lọ.

Pátákó gbogbo ẹ̀ka tó wà nínú ìlú kan ni kí ẹ pààrọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí ẹ̀ka Tàkíè bá ti kọ ilà tuntun tí ti Under G ṣì wà bó ṣe wà fún oṣù mẹ́ta, àwọn èèyàn á ní wọ́n ti ta ọ̀kan. Ọ̀rá àtijọ́ lè máa tán lọ. Oníbàárà á ráhùn. Títa ríro là ń kọlà, ẹ má tìtorí ìráhùn ọ̀sẹ̀ méjì pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń gba iwájú ìlẹ̀kùn kọjá, tí wọ́n ń bèèrè ibi tí ẹ kó lọ, ìyẹn kì í ṣe ríro mọ́. Ẹ padà lọ wo ohun tí ogún oníbàárà yẹn yà.