Bí Àwòrán Ohun Tí Ojú Kò Rí Rí Ṣe Ń Jáde: Ọ̀nà Àwọn Ayàwòrán Òṣogbo

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí àwòrán Twins Seven-Seven, ọ̀kan nínú àwọn ayàwòrán Òṣogbo, lè rò pé ojú àlá ni gbogbo rẹ̀ ti wá: iwin, ẹranko àti igi tó wọnú ara wọn débi pé ojú kò mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Ṣùgbọ́n irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ní ọ̀nà tó ń gbà jáde, ó sì ṣeé tọpasẹ̀.

Ní 1962 ni wọ́n dá Mbari Mbayo, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ ní Òṣogbo, lọ́dọ̀ Dúró Ládipọ̀, olórí ẹgbẹ́ òṣèré tíátà. Nígbà tí ayàwòrán Georgina Beier ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ ní 1964, ọjọ́ díẹ̀ ló fi ṣe é. Òṣèré tíátà Ládipọ̀ wà lára àwọn tó wá, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì kọ́ iṣẹ́ ọnà níbì kankan rí. Twins fúnra rẹ̀, ọmọ ìlú Ògìdì ní ìpínlẹ̀ Kogi, ijó ló ń jó fún olóògùn tó ń kiri kó tó dé ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn bí a ṣe ń wọn orí mọ́ ara. Wọ́n fún wọn ní bébà àti ọ̀dà, wọ́n ní kí wọ́n máa yà. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti mọ ìgbà tí ohun tó jẹ́ ti ẹni náà gan-an bá yọjú, kó sì wá ohun èlò tó bá a mu fún un. Jímọ̀ Búráímọ̀, tó ń bójú tó iná orí ìtàgé, di ẹni tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe àwòrán. Twins gba kálámù àti tàdáwà, àti fífín àwòrán sára irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ sórí bébà.

Etí ni àwòrán ti kọ́kọ́ ń wọlé. Ìtàn alẹ́ lè sọ pé iwin olórí méjì dínà mọ́ ọdẹ, kò ní sọ bí ọrùn méjèèjì ṣe so mọ́ èjìká kan. Ibi tí ìtàn dákẹ́ sí yìí gan-an ni ayàwòrán ti ń ríṣẹ́ ṣe. Kò sì lè fi òfo dí i; ohun tó ti rí ló máa fà wá: ìpẹ́ ejò, gbòǹgbò ìrókò, ojú gẹ̀lẹ̀dẹ́, okùn ìlù. Ohun tuntun tó wà níbẹ̀ ni bó ṣe so wọ́n pọ̀.

Èkejì ni ọnà tó ń kún inú ara àwọn ẹ̀dá náà. Àwọn aláàdìrẹ ẹlẹ́kọ máa ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ, igun kan tẹ̀ lé òmíràn, kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bò kì í mu aró tó ìyókù. Igun kọ̀ọ̀kan ní ọnà tirẹ̀, wọn kì í sì í fi àyè sílẹ̀ lásán. Ó ṣòro kí ẹni tó mọ irú aṣọ yìí wo àwòrán Twins, pẹ̀lú àmì tóótòòtó àti ìlà wẹ́wẹ́ rẹ̀, kó má rí ìbátan. Níkẹ̀ẹ́ Òkúndayé, tí òun náà jẹ́ ọmọ Ògìdì, fi hàn kedere: ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ilé rẹ̀ ló ti kọ́ àdìrẹ, irú ọnà kan náà ló sì ń yà sórí aṣọ àti sórí bébà.

Ìyókù di ọwọ́ ìlà. Tàdáwà kò ṣeé pa rẹ́ bíi pẹ́ńsù, nítorí náà ìlà tó bá ṣìnà gbọ́dọ̀ di nǹkan. Ayàwòrán ya ẹ̀yìn ẹranko, ẹ̀yìn náà gùn jù, ó di ẹ̀ka igi. Àyè ṣẹ́ kù láàárín ẹsẹ̀ àti ikùn, ó fi ẹja sí i. Ọkàn kì í parí èrò kí ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ ń lọ ni. Àwọ̀ lè dé lẹ́yìn, kó fẹ́lẹ́, nítorí ìlà ti gbé iṣẹ́ náà dúró.

Ibi tí ọ̀nà yìí ti ń bà jẹ́ ni àwòkọ. Nígbà tí àwòrán Òṣogbo bẹ̀rẹ̀ sí í tà lọ́wọ́ àwọn àlejò, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kó ìpẹ́, ojú ńlá àti àmì tóótòòtó yẹn lódindi. Ọwọ́ wọn mọ́ tónítóní, síbẹ̀ iṣẹ́ náà kò lẹ́mìí, torí pé ìtàn tó bí ọnà wọ̀nyẹn kò sí lára wọn, kò sì sí ìlà kankan tó ṣìnà tí wọ́n ní láti wá nǹkan ṣe sí.