Bí a ṣe ń ran ọmọ lọ́wọ́ nídìí iṣẹ́ àṣetiléwá Gẹ̀ẹ́sì

Ní Abẹ́òkúta, láti Lafẹ́nwá títí dé Ọbáńtokò, ọmọ tó bá gbé iṣẹ́ àṣetiléwá Gẹ̀ẹ́sì wálé máa ń wá ẹni tí yóò bá a dá sí i: ẹ̀gbọ́n tó ti jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì, tíṣà lẹ́sìn tó ń kọ́ ọmọ lẹ́yìn ilé-ìwé, tàbí òbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà dé. Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ yé ẹni náà ni pé bírò òun kò gbọdọ̀ kan ìwé ọmọ. Ọmọ ni kó kọ̀wé. Iṣẹ́ àgbà ni kó máa béèrè ọ̀rọ̀.

Ká ní lítíréṣọ̀ ni. Ọmọ SS 2 ń ka The Lion and the Jewel, eré oníṣe tí Wọlé Ṣóyínká, ẹni tí wọ́n bí sí Abẹ́òkúta ní 1934, kọ, tí wọ́n sì ṣe lórí ìtàgé ní Ìbàdàn ní 1959. Tíṣà ní kí wọ́n sọ ìdí tí Lákúnlé, olùkọ́ inú eré náà tó fẹ́ fi Sídì ṣaya, kò fi fẹ́ san owó orí rẹ̀. Bí àgbà bá sọ ìdáhùn fún un, yóò kọ ọ́, yóò sì gbàgbé rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ ni kó bi í pé, "Ibo ni wọ́n ti sọ̀rọ̀ owó orí nínú ìwé yẹn?" Ọmọ yóò ṣí apá àkọ́kọ́ padà, yóò rí i pé Lákúnlé ní àṣà burúkú ni, pé ẹni tó san án dà bí ẹni tó ra màlúù lọ́jà. Sídì ní tirẹ̀ kò fẹ́ kí ará ìlú fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun kì í ṣe wúńdíá.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń dúró síbẹ̀. Kí àgbà má jẹ́ kó dúró. Kó ní kó ka apá ìparí, níbi tí Sídì ti padà dé láti ilé Báálẹ̀ tí òun náà ń fẹ́ ẹ, tí Lákúnlé sì ní ọ̀rọ̀ owó orí ti tán, nítorí Sídì kì í ṣe wúńdíá mọ́. Ǹjẹ́ àṣà ló ń bá jà ní tòótọ́, àbí owó ni kò fẹ́ ná? Ọmọ tó bá ronú sí èyí, tó sì fi ìlà méjì láti inú ìwé gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ti dáhùn ìbéèrè náà dáadáa.

Kó kọ́kọ́ fi Yorùbá sọ ọ́. Àwọn kan máa ń fòfin de Yorùbá nídìí lẹ́sìn, kò sì dára rárá. Ọmọ tó lè ṣàlàyé ìdí náà fún ìyá rẹ̀ tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú ti lóye rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló kù.

Nídìí Gẹ̀ẹ́sì yìí ni àtúnṣe gbólóhùn ti ń wọlé, ìyà àṣìṣe níbẹ̀ kò sì kéré. Nínú àròkọ WAEC, máàkì 50 ló wà: 10 fún kókó ọ̀rọ̀, 10 fún ètò, 20 fún ìlò èdè, 10 fún gírámà, sípẹ́lì àti àmì ìkọ̀wé. Nínú 10 ìgbẹ̀yìn yìí, ààbọ̀ máàkì ni wọ́n ń yọ lórí àṣìṣe kọ̀ọ̀kan. Àṣìṣe 20, gbogbo rẹ̀ ti lọ.

Ẹ wo gbólóhùn yìí: "Last week we go to Olumo Rock and we climb it and we see the town and it is very fine." Ọmọ tó kọ ọ́ kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í yí padà nítorí àná tàbí ọ̀la, òun ló sì fi ń kọ Gẹ̀ẹ́sì. Kó ka gbólóhùn náà sókè, kó wá fi ìka tọ ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan: nígbà wo ló ṣẹlẹ̀? Yóò yí "go", "climb" àti "see" padà fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí àgbà bi í pé kí gan-an ló dára níbẹ̀. Bó bá ní òrùlé páànù tó ti dípẹtà ni, "very fine" ti di ohun tí a lè fojú rí: "Last week we climbed Olumo Rock and saw the rusty roofs of the town."

Irú àṣìṣe kan ṣoṣo ni kí wọ́n máa lé lẹ́ẹ̀kan. Bí òmíràn bá kù nínú ìlà kan, kí àgbà sọ iye tó kù, kó má sọ ibi tó wà.