Adékúnlé, ojú omi, àti ọ̀nà Owerri

Iye ìlú tí ọ̀gágun gbà ni aráàlú máa ń kà. Àwa tó mọ ìdí iṣẹ́ ogun, ọ̀nà tí ọta ìbọn, oúnjẹ àti epo ọkọ̀ ń gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun rẹ̀ là ń wò. Ẹ fi ojú yẹn wo Benjamin Adékúnlé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Kàdúná ní 1936, ẹni tí wọ́n ń pè ní Àkeekèé Dúdú.

Ó wọṣẹ́ ológun ní 1958, ó jáde ní Sandhurst, ilé-ẹ̀kọ́ ológun ní Ìlú Ọba, ní 1960, ó sì bá ikọ̀ àjọ UN dé Kóńgò. Bonny ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká.

Ní July 1967, ogun abẹ́lé Nàìjíríà àti Biafra ò tíì pé oṣù kan tó fi kó ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ gba ojú òkun lọ síbẹ̀. Ẹnu omi tó wọ Port Harcourt ni Bonny wà. Ẹni tó bá ti dí i, ọkọ̀ ọjà ò wọlé mọ́. Ọkọ̀ ogun ojú omi ló máa ń kọ́kọ́ yìnbọn fọ́ àgọ́ ọ̀tá létí omi. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ tó kó ọmọ ogun á sún mọ́ iyanrìn, ilẹ̀kùn iwájú rẹ̀ á wó lulẹ̀ bí afárá, wọ́n á sáré jáde. Bí omi bá fà kí wọ́n tó já ẹrù tán, ọkọ̀ á há, ọ̀tá á wá máa yìnbọn fún un bí ẹni ń sọ igi máńgòrò lókò.

Calabar tẹ̀lé e ní October, Port Harcourt ní May 1968. Ojú omi lẹ lè gbà dé gbogbo wọn. Ọkọ̀ ojú omi kan á gbé ohun tí ọ̀pọ̀ akẹ́rù ò lè gbé, kò sì sẹ́ni tó lè gé igi dí òkun.

Lẹ́yìn Port Harcourt, títì ló kù. Ní September ó gba Aba àti Owerri, ó ku Umuahia. Lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Owerri, Aba àti Umuahia, ló fi pe iṣẹ́ náà ní OAU. Umuahia ò bọ́ sí i lọ́wọ́. Ìlú tí a bá gbà, a ó fi ọmọ ogun ṣọ́ ọ, a ó tún fi òmíràn ṣọ́ títì tó lọ síbẹ̀; àwọn tó kù fún iwájú ogun á wá fẹ́lẹ́. Ohun tí Biafra rí nìyẹn. Wọ́n gé ọ̀nà Owerri, wọ́n dó ti bìrìgéèdì, ìyẹn ẹgbẹ́ ọmọ ogun Adékúnlé, tó wà nínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ọkọ̀ òfurufú ló ń ju oúnjẹ àti ọta sí wọn, òmíràn sì ń bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Ní April 1969 ni bìrìgéèdì náà já ara rẹ̀ gbà jáde, tí Owerri bọ́ padà sọ́wọ́ Biafra.

Ọ̀rọ̀ líle tí Adékúnlé ti sọ fáwọn oníròyìn òkèèrè, lórí oúnjẹ tí wọ́n fẹ́ kó fáwọn tí ebi ń pa, kò tún ràn án lọ́wọ́. Ní May, Ọbásanjọ́, onímọ̀ ẹ̀rọ nínú iṣẹ́ ológun, gba ipò olórí ọmọ ogun náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ tún ọmọ ogun tò kó tó ní kí wọ́n tẹ̀ síwájú.

Adékúnlé di Bìrìgédíà ní 1972. Èbúté Èkó, níbi tí ẹrù ti há gádígádí, ni wọ́n ní kó lọ tú sílẹ̀. Ibẹ̀ ló wà tí wọ́n fi ní kó fẹ̀yìn tì ní August 1974.