Bóòtù Tó Gan: Ohun Tó Dì Í Mú àti Bí A Ṣe Ń Tú U

Tí mẹkáníìkì bá ki sípánà bọ orí bóòtù, tó fà á títí tí kò mira, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀: “Ó ti gan.” Mo ti gbọ́ ọ ní Adó, mo ti gbọ́ ọ ní Ìkẹ̀rẹ́, èmi náà sì ti sọ ọ́ lábẹ́ Corolla wa, tí ẹrẹ̀ pupa ń já bọ́ sí mi lójú. Ọ̀rọ̀ náà kúrú, ṣùgbọ́n oríṣi ìṣòro mẹ́ta ló máa ń dúró fún, ohun tó ń tú ọ̀kan kì í sì í tú èkejì. Mo fẹ́ kí èyí yé gbogbo ẹni tó ń tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe nílé, torí bóòtù kan tó bá ṣẹ́ lè sọ owó kékeré téèyàn rò pé òun ń fi pamọ́ di owó ńlá.

Ẹ jẹ́ ká ti orí bóòtù tí kò ní wàhálà bẹ̀rẹ̀. Bóòtù dà bíi rọ́bà. Bá a ṣe ń dì í ni ara rẹ̀ ń nà, ó kàn jẹ́ pé ojú kò lè rí i. Ó fẹ́ padà sí bó ṣe wà, ìyẹn ló fi ń fún ohun méjì tó wà láàárín mọ́ra. Ohun tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ni pé, nínú gbogbo agbára tá a fi ń di bóòtù, nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 péré ló ń lọ sí nínà yẹn. Bí irin ṣe ń ha irin lábẹ́ orí bóòtù àti láàárín eyín rẹ̀ ló ń jẹ gbogbo ìyókù. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá mú kí irin túbọ̀ ha irin, ó ti di bóòtù mọ́ wa lọ́wọ́ nìyẹn.

Ìpẹtà ni olórí wọn. Omi àti afẹ́fẹ́ ló ń mú irin dípẹtà, ìpẹtà sì máa ń gba àyè ju irin tó ti jáde wá lọ dáadáa. Ẹ rántí gààrí tí a bu sínú ife, tí a da omi sí: ó wú títí ó fi kún ife. Bí ìpẹtà ṣe ń ṣe láàárín eyín bóòtù àti eyín nọ́ọ̀tù gan-an nìyẹn. Àyè tíntín tó yẹ kó wà níbẹ̀ ti kún fọ́fọ́, ìpẹtà ti fún wọn mọ́ra.

Ní Èkìtì, àwọn èèyàn máa ń di ẹ̀bi yìí ru òjò àti ẹrẹ̀ ọ̀nà oko. Òótọ́ ni, ẹrẹ̀ tó bá gbẹ mọ́ abẹ́ ọkọ̀ máa ń gba omi dúró. Àmọ́ púpọ̀ nínú ọkọ̀ tòkunbọ̀ ti gbé ìpẹtà tiwọn wá láti òkè òkun. Ní Kánádà, Jámánì àti apá àríwá Amẹ́ríkà, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́. Táyà á ta omi iyọ̀ náà sábẹ́ ọkọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, iyọ̀ sì máa ń jẹ́ kí irin tètè dípẹtà. Ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, kó bẹ̀rẹ̀ wo orí bóòtù abẹ́ rẹ̀ kó tó wo ọ̀dà ara rẹ̀.

Oríṣi kejì kì í pọ́n bí ìpẹtà. Bí bóòtù irin bá wọ inú alumíníọ́mù, tí omi sì wà láàárín wọn, àwọn méjèèjì á di bátìrì kékeré, alumíníọ́mù á máa jẹ díẹ̀díẹ̀, á sì fi ìyẹ̀fun funfun sílẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ra pinpin. Ìdí nìyẹn tí rímù alumíníọ́mù fi lè kọ̀ láti jáde lára irin tó jókòó lé lẹ́yìn tá a ti tú gbogbo nọ́ọ̀tù rẹ̀. Dá nọ́ọ̀tù padà ṣùgbọ́n má dì wọ́n le, sọ ọkọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí jáàkì, kó o wá máa mì í sọ́tùn-ún sósì títí rímù á fi já.

Ẹ̀kẹta kò gan rárá, wọ́n dì í jù ni. Nọ́ọ̀tù táyà ni eléyìí sábà máa ń ṣe. 103 Nm (Nm ni ìwọ̀n agbára tá a fi ń yí bóòtù) ni Toyota kọ fún nọ́ọ̀tù táyà Corolla, àmọ́ fọ́gánáísà tó fi páìpù gígùn dì í, tó tún dúró lé e, ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́. Ibí yìí nìkan ni mo ti fara mọ́ páìpù gígùn: kí táyà ṣì wà nílẹ̀, kó o kó ìwúwo ara rẹ lé páìpù, á tú.

Kí ló dé tí kò fi yẹ ká ki páìpù bọ àwọn yòókù? Ẹ ṣírò rẹ̀. Ẹni tó bá fi ìwúwo kílò 20 tẹ sípánà tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 25, ó ti fún bóòtù ní nǹkan bíi 50 Nm. Tó bá ki páìpù mítà kan bọ̀ ọ́, ó di 200. Bóòtù tí sípánà 12 bá mu lára Toyota kò sanra ju mílímítà 8 lọ, á ti ṣẹ́ kó tó dé ìdajì ibẹ̀.

Bóòtù tí sípánà 17 mu, tó di bíréèkì iwájú mú, ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ yìí. Mo ti wá páìpù, mo ti ń làágùn. Mẹkáníìkì àgbà kan tó ń kọjá lọ dúró, ó ní, “Àbúrò, gbé páìpù yẹn sílẹ̀. Kọ́kọ́ dì í.”

Mo ní, “Ọ̀gá, títú ni mo fẹ́ tú u o.”

“Mo gbọ́. Dì í díẹ̀. Bó bá ti lè mira síwájú, á mira sẹ́yìn.”

Bó ṣe rí nìyẹn. Ìpẹtà le, ṣùgbọ́n ó máa ń fọ́ bí ìkarahun ẹyin, ibi yòówù kí bóòtù kọ́kọ́ yí sí ló máa ti fọ́. Ó ní kí n fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìdọ̀tí kúrò, kí n fi hámà lu orí bóòtù ní òòró, lílù tó dúró ṣinṣin, kí ìpẹtà inú lè sán. Lẹ́yìn náà ni ọ́ìlì. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ki jù, kò lè wọ ojú tó tín-ín-rín bẹ́ẹ̀. WD-40, ọ́ìlì inú agolo tí a ń fín, tàbí irú rẹ̀ ló dára, torí ó ṣàn dáadáa: ó ń rá wọlé bí kẹrosíìnì ṣe ń gun òwú àtùpà. A fín in nírọ̀lẹ́, a tún fín in kí n tó sùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dì í bí ìdámẹ́jọ ìyípo, ó dún “kẹ́n”, mo tú u díẹ̀, mo dá a padà díẹ̀, mo tún fín ọ́ìlì, ó jáde láìṣẹ́. Mo nu díìsìkì bíréèkì mọ́ tónítóní lẹ́yìn náà, torí ọ́ìlì tó bá dé ibẹ̀ kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ dúró. Ọ̀pọ̀ ló máa ń lo ọ́ìlì bíréèkì dípò WD-40. Kẹ́ ẹ ṣọ́ra, ó ń bó ọ̀dà ọkọ̀.

Orí bóòtù náà ṣe pàtàkì. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí inú rẹ̀ ní igun 6 ni kẹ́ ẹ lò. Onígun 12 máa ń tètè bó orí bóòtù. Ẹ má sì fi 13 tú 12 torí pé ó wọ̀ ọ́.

Bí ọ́ìlì bá kọ̀, iná ló kù. Nọ́ọ̀tù ni kí iná mú, kì í ṣe bóòtù, torí irin tó bá gbóná máa ń fẹ̀. Nọ́ọ̀tù á fẹ̀ kúrò lára bóòtù, ìpẹtà á sì fọ́. Iṣẹ́ wẹ́dà ni mo ka èyí sí. Kò gbọdọ̀ sún mọ́ táńkì epo, ọ̀pá bíréèkì tàbí ṣọ́kù, ẹ sì nu gbogbo ọ́ìlì tẹ́ ẹ ti fín kúrò kí iná tó dé. Wẹ́dà yìí kan náà ló lè gba bóòtù tó ti ṣẹ́ là: á gbé nọ́ọ̀tù tuntun lé kùkùté rẹ̀, á jó wọn pọ̀, ooru á tú ìpẹtà, sípánà á sì rí ibi dì mú.

Nígbà tí mo bá ń dá bóòtù abẹ́ ọkọ̀ padà, mo máa ń fi gíríìsì díẹ̀ pa eyín rẹ̀. Nọ́ọ̀tù táyà nìkan ni mi ò kì í pa á sí. Gbígbẹ ni wọ́n ṣírò 103 yẹn fún; bí gíríìsì bá wà níbẹ̀, irin kò ní ha irin mọ́ bó ṣe yẹ, bóòtù á sì nà ju agbára rẹ̀ lọ láìjẹ́ pé ọwọ́ ẹni tó ń dì í mọ̀ ọ́n.