Ọwọ́, èdè àti ìrònú láàárín àwọn Yorùbá Kétu

Ìfọwọ́júwe ni gbogbo ohun tí ènìyàn ń fi ọwọ́ àti ìka ṣe bó bá ń sọ̀rọ̀, yálà ó mọ̀ pé òun ń ṣe é tàbí kò mọ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ka irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣọ́ lásán lára ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè àti onímọ̀ ìrònú òde òní kò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́: lójú tiwọn, ọwọ́ àti ẹnu jọ ń ru ẹrù kan náà ni. Kétu, ìlú Yorùbá tó wà ní ẹkùn Plateau ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, yẹ fún wíwo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, nítorí bíi ti Yorùbá yòókù, wọ́n ní òfin lórí ọwọ́ tí a lè fi júwe, èyí tí a kò gbọdọ̀ fi júwe, àti ẹni tí a kì í na ìka sí.

Èèwọ̀ ọwọ́ òsì

Òwe ló fi òfin àkọ́kọ́ lélẹ̀: a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Bí àlejò bá dé Kétu, tó béèrè ọ̀nà Àkàbà Ìdèna, ẹnubodè àtijọ́ ìlú náà, lọ́wọ́ ìyá tó ń ro ọkà, ìyá náà kò ní tìtorí pé orógùn wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ kó wá na ti òsì. Yóò gbé orógùn kalẹ̀, tàbí kó mi orí síhà ibẹ̀, kó na ètè, kí ojú sì tẹ̀ lé e. Ọwọ́ òsì ni a fi ń ṣe ìmọ́tótó ìdí, nítorí náà kò tọ́ kí a fi gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà tàbí kí a fi nawọ́ nǹkan sí i. Olanike Ola Orie, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, gbé àpilẹ̀kọ kan jáde ní 2009 lórí bí Yorùbá ṣe ń júwe nǹkan. Ó fi hàn pé kì í ṣe ọwọ́ nìkan ni Yorùbá ń lò. Orí, ojú àti ẹnu náà ń ṣe iṣẹ́ yìí, èèwọ̀ ọwọ́ òsì sì wà lára ohun tó ń darí èyí tí ènìyàn yóò lò.

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ló ní èèwọ̀ yìí. Sotaro Kita àti James Essegbey ṣèwádìí nípa rẹ̀ ní Gánà, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2001. Wọ́n rí i pé àwọn ènìyàn a máa gbé ọwọ́ òsì pa mọ́ sẹ́yìn nígbà tí ti ọ̀tún bá ń júwe. Bí ibi tí wọ́n ń júwe bá wà lápá òsì pàápàá, ọwọ́ ọ̀tún ni yóò gba iwájú àyà kọjá lọ síbẹ̀. Àwọn mìíràn a na méjèèjì pọ̀. Síbẹ̀, ọwọ́ òsì kò dákẹ́ tán: ó ń yọ́ júwe díẹ̀díẹ̀ nísàlẹ̀ nítòsí ìbàdí, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní kà á sí àfojúdi.

Nína ìka sí àgbà tún burú lọ́tọ̀. Nínú èdè pàápàá, ẹni tí wọ́n bá nàka sí ti di ẹlẹ́ṣẹ̀, ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé wọ́n nàka àbùkù sí ẹnìkan. Níwájú àgbà, ojú ló kù. Yorùbá ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà, ọmọ tó bá sì mọ ojú kì í dúró de ìgbà tí ìyá rẹ̀ yóò la ẹnu: bí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ nílé onílé, ó ti ka ìdáhùn lójú ìyá rẹ̀ kó tó sọ pé òun ti yó.

Ohun tí ọwọ́ ń ṣe fún ìrònú

David McNeill, onímọ̀ ìrònú, nínú ìwé tó gbé jáde ní 1992, ya àwọn ọwọ́ tó ń bá ọ̀rọ̀ rìn sọ́tọ̀ síra wọn: èyí tó ń ya àwòrán ohun tí a ń sọ, èyí tó ń fún èrò àfọkànrò ní ìrísí, èyí tó ń tọ́ka, àti èyí tó kàn ń lù bí ìlù tẹ̀ lé ọ̀rọ̀. Lójú rẹ̀, èrò kan ṣoṣo ló ń gba ọ̀nà méjì jáde. Robert Krauss àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ibòmíràn yọ. Wọ́n ní ọwọ́ ń ran ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ láti wá ọ̀rọ̀ tó sá pamọ́ fún un.

Bó bá jẹ́ torí olùgbọ́ nìkan ni a ṣe ń ju ọwọ́, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù kì bá tí máa jù ú. Jana Iverson àti Susan Goldin-Meadow gbé ẹ̀rí tó lágbára ju èyí lọ jáde ní 1998: àwọn ọmọ 12 tí wọ́n bí ní afọ́jú, tí wọn kò rí ọwọ́ ẹnikẹ́ni rí, ń ju ọwọ́ bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, àní nígbà tí ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ jẹ́ afọ́jú bíi tiwọn.

Nígbà mìíràn ọwọ́ a mọ ohun tí ẹnu kò tíì mọ̀. Nínú ìdánwò kan, wọ́n da omi láti inú ife gíga sínú àwo tó fẹ̀, wọ́n sì bi ọmọdé bóyá omi náà ṣì pé. Ọmọ ní ó ti dín, torí pé ti àkọ́kọ́ ga jù. Ṣùgbọ́n bó ti ń sọ gíga, ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe fífẹ̀. Breckinridge Church àti Goldin-Meadow fi hàn ní 1986 pé irú ọmọ tí ọwọ́ àti ẹnu rẹ̀ kò bára mu báyìí ló sún mọ́ òye jù, ẹ̀kọ́ sì máa ń tètè wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Olùkọ́ tó bá ń fi èdè Faransé kọ́ ọmọ tó ń sọ Yorùbá nílé ní Kétu lè jèrè nínú èyí bó bá ń wo ọwọ́.

Ọwọ́ tó di ọ̀rọ̀

Àwọn ọwọ́ kan ti wọ inú èdè lọ débi pé a kò nílò láti ṣe wọ́n mọ́. Ẹni tó káwọ́ lérí ń ṣọ̀fọ̀, ẹni tó fọwọ́ sọ́yà dá ara rẹ̀ lójú. Lórí rédíò, wọ́n lè sọ pé ìjọba kò gbọdọ̀ fọwọ́ lérán, gbogbo olùgbọ́ a sì mọ ohun tí wọ́n wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba kò ní àgbọ̀n.

Iye owó náà ní ìtàn ọwọ́ nínú. Adolphus Mann, míṣọ́nnárì, ṣàpèjúwe ní 1887 bí Yorùbá ṣe ń ka owó ẹyọ: wọ́n ń fi ọwọ́ kó o ní márùn-ún márùn-ún títí yóò fi di 100, wọn a sì gbá 100 méjì jọ di òkìtì kan. Òkìtì yìí ni igba. Láti ibẹ̀ ni ẹgbẹ̀ta ti wá, igba mẹ́ta. Ẹgbẹ̀rin, igba mẹ́rin. Ẹgbẹ̀rún, igba márùn-ún. Ẹni tó bá ń san ẹgbẹ̀rún sẹ́fà lọ́jà Kétu lónìí ṣì ń pe òkìtì márùn-ún tí kò sí ẹni tó ń gbá a jọ mọ́.

Ní ti àkókò, Rafael Núñez àti Eve Sweetser kọ ní 2006 nípa àwọn Aymara ti òkè Andes, tí wọ́n ń na ọwọ́ síwájú fún ohun tó ti kọjá, tí wọ́n sì ń jù ú sẹ́yìn fún ohun tó ń bọ̀. Yorùbá ní ọjọ́ iwájú, ó sì tún ní ẹ̀yìn ọ̀la, ọjọ́ tó ń bọ̀ sì ni méjèèjì.

Nínú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí ọ̀pọ̀ ìtàn sọ pé Kétu ni ó ti ṣẹ̀, tí UNESCO sì kéde ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá aráyé kó tó kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní 2008, ẹsẹ̀ ló gba iṣẹ́ ọwọ́. Ìlù ń sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ oníjó sì gbọ́dọ̀ bá a dé ìparí ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan náà.

Èdè àwọn adití

Ìfọwọ́júwe yàtọ̀ sí èdè adití, tó ní gírámà tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí William Stokoe ṣe fi hàn nípa ti Amẹ́ríkà ní 1960. Èyí tí wọ́n ń lò nílé-ìwé adití ní Bẹ̀nẹ̀ wá láti ara ti Amẹ́ríkà. Andrew Foster, adití ọmọ Amẹ́ríkà tó dá ilé-ìwé adití sílẹ̀ ní Gánà ní 1957, ló gbé e wọ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà kó tó kú ní 1987. Ọmọ adití tí kò bá rí irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ lọ a máa dá àmì tirẹ̀ sílẹ̀ láàárín ará ilé. Goldin-Meadow ṣèwádìí nípa irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti Taiwan, ó sì rí i pé àmì wọn ní ètò tí kò sí nínú ọwọ́ tí ìyá wọn ń jù sí wọn.