vCPU nínú QEMU: ta ló ní ó ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ nípa kóòdù ní Yorùbá, ta ló ní kẹ́ ẹ máa pe initialize ní "bíbẹ̀rẹ̀"? Ẹlòmíì á kọ "íníṣíáláìsì", á da àmì ohùn bò ó, ó ti di Yorùbá nìyẹn! "Mímúra sílẹ̀" lèmi ń lò, mi ò sì ní yí i padà, torí kóòdù QEMU, ìyẹn sọ́fútíwíà tó ń ṣe kọ̀ǹpútà àfarawé sínú kọ̀ǹpútà wa, fúnra ẹ̀ ló ń gbè mí lẹ́yìn. Ẹ wá qemu_init_vcpu níbẹ̀, fọ́ńkṣọ̀n tó ń múra vCPU, ìyẹn pírósẹ́sọ̀ àfarawé, sílẹ̀. Kó tó ṣe thread, ìyẹn okùn iṣẹ́ tí pírósẹ́sọ̀ á máa gbà ṣiṣẹ́, rárá, á ti kọ ọ́ sí i lára pé stopped jẹ́ true, wọn ò tíì bí i wọ́n ti ní kó dúró. Tó bá wá ṣe thread ọ̀hún tán, á dúró tì í títí created á fi di true. Kí ló wá bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ yẹn?

Ẹ̀gbọ́n kan ní Àsẹ̀rò ní "ìdásílẹ̀" ló dáa jù. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, object_new, fọ́ńkṣọ̀n tó ń dá nǹkan sílẹ̀, ti dá a sílẹ̀ tipẹ́, realize, ìpele tó tẹ̀lé e, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá pe qemu_init_vcpu.

Ẹ lọ sí gáréèjì Kútọ̀ l'Abẹ́òkúta láàárọ̀, ẹ wo bọ́ọ̀sì Èkó. Gbogbo wọn ló ti rọ epo, dírẹ́bà ti wà nídìí ọkọ̀, àmọ́ èyí tí tọ́ọ̀nù kàn nìkan ló ń kérò, ìyókù ò gbọdọ̀ mira àfi tí wọ́n bá pè wọ́n. Tẹ́ ẹ bá fi -smp 4 (pírósẹ́sọ̀ mẹ́rin) sí x86 (irú pírósẹ́sọ̀ Intel àti AMD), bó ṣe máa rí nìyẹn: mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ti múra, cpu_reset ti kọjú wọn sí 0xFFFFFFF0, àdírẹ́sì ìtọ́ni àkọ́kọ́, àmọ́ BSP, ìyẹn pírósẹ́sọ̀ tó ń ṣíwájú, nìkan ló máa gbéra, mẹ́ta tó kù wà ní halted (dídúró) títí INIT àti SIPI, àwọn àmì tí wọ́n fi ń jí wọn, á fi dé, SIPI yẹn náà ló sì máa sọ ibi tí wọ́n á ti gbéra.

Tẹ́ ẹ bá ṣì ń jiyàn, ẹ fi -S sí QEMU yín. Gbogbo ìmúrasílẹ̀ á parí, pírósẹ́sọ̀ kankan ò sì ní ṣe nǹkan kan títí ẹ ó fi tẹ cont ní mọ́nítọ̀ QEMU, ìyẹn ibi tẹ́ ẹ ti ń tẹ àṣẹ fún un, ìgbà yẹn ni vm_start, fọ́ńkṣọ̀n tó ń mú wọn gbéra, tó máa ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti lọ lo "bíbẹ̀rẹ̀" yín.